Ogun ẹ̀mí wà, àmọ́ Màmá Ìkìrun kọ́ ni ọ̀tá

Ní àdúgbò tí mò ń gbé l'Ékòó, tí aago méjìlá òru bá ti lù, ẹ ó mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ á ti dákẹ́, ariwo ọkọ̀ á ti rọlẹ̀, ohùn àdúrà ló máa gba gbogbo àyíká. Aládùúgbò mi tó ń gbé lókè á gbé fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan á máa darí àdúrà láti orí YouTube, òun náà á máa tẹ̀ lé e: "Kú! Kú! Kú!" Ó lè gba ogójì ìṣẹ́jú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó pàdé lórí àtẹ̀gùn, á kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, á sáré lọ wá bọ́ọ̀sì. Èèyàn dáadáa ni. Mi ò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí èmi náà ti pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí mò ń pariwo ọ̀hún, ojú ẹnì kan pàtó ni mò ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. Ọmọlẹ́yìn Kristi ni mí. Mo gbà pé àdúrà ń ṣiṣẹ́. Mo gbà pé ayé kan wà tí a ò fojú rí, pé ogun sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ẹni tó máa sọ pé ìtàn lásán ni gbogbo rẹ̀, kó wá a lọ síbòmíì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbé ogun náà kúrò níbi tí Bíbélì gbé e sí. A gbé e wá sínú agbo ilé, sí ọ́fíìsì, sínú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. A sọ èèyàn di ọ̀tá, a sì sọ sùúrù di àìnígbàgbọ́. Àwọn kan ń jèrè nídìí àṣìṣe yìí. Àwọn ìyá àgbà wa ló sì ń san gbèsè rẹ̀.

Ìkòkò omi lẹ́yìn ilẹ̀kùn

Lẹ́yìn tí mo di lọ́yà, mo rò pé ọ̀nà ti là. Mo tan ara mi ni. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ìwé ẹ̀rí kiri Ìkẹjà, Yábàá àti Erékùṣù. Ọ́fíìsì kan gbà mí, owó tí wọ́n ń san ò tó owó ọkọ̀. Ibòmíì ní àwọn á pè mí, mi ò gbọ́ nǹkan kan títí dòní. Àwọn tí a jọ kàwé ń ṣègbéyàwó, àwọn míì ti jápa, èmi ṣì ń tọrọ owó dátà lọ́wọ́ àbúrò mi.

Ní ìparí ọdún àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ibi àdúrà kan. Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbààwẹ̀ láìfẹnu kan omi. Ní òru ọjọ́ kẹta, ẹni tó ń darí àdúrà gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní òun rí obìnrin àgbàlagbà kan láti ilé bàbá mi, pé ó fi aṣọ pupa wé ìwé ẹ̀rí mi, ó sì gbé e sí ìdí ìkòkò omi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Mo ní rárá. Ó ní kí n ronú dáadáa. Ẹ̀yin èèyàn mi, tí wọ́n bá ní kí ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta ronú dáadáa ní aago méjì òru, dandan ni kí ẹnì kan sọ sí i lọ́kàn. Ẹni tó sọ sí mi lọ́kàn ni Màmá Ìkìrun.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Màmá Ìkìrun. Epo pupa ló ń tà. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, òun ló ń san owó ilé ìwé mi títí mo fi jáde. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì bímọ. Ẹ dúró ná, ẹ kà á pọ̀: àgbàlagbà ni, kò bímọ, owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ìwé ẹ̀sùn irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti wà ní títẹ̀ tipẹ́, orúkọ nìkan ló kù kí wọ́n kọ sí i. Ìkòkò omi sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ lóòótọ́! Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé kò sí ìyá àgbà kan ní agbo ilé wa tí kò ní ìkòkò omi.

Mo búlọ́ọ̀kù nọ́ńbà rẹ̀. Ó tó ọdún méjì tí mi ò fi dé Ìkìrun. Kérésì dé, mo ní iṣẹ́ pọ̀, èmi tí mi ò níṣẹ́. Ọdún Àjíǹde dé, mo ní ara mi ò yá. Nígbà kan, ó fi kẹ́ẹ̀gì epo rán dírẹ́bà sí mi ní gáréèjì. Mo gbé epo náà délé, mo gbàdúrà lé e lórí, mo sì dà á sínú gọ́tà.

Bí mo ṣe wá rí iṣẹ́ rèé. Ọ̀gá lọ́yà kan, tí mo pàdé nílé ẹjọ́ níbi tí mo ti lọ gba ìwé fún ẹlòmíì, ní kí n fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ mi han òun. Ó yọ bírò pupa, ó yí àṣìṣe mọ́kànlá ká. Mọ́kànlá! Lẹ́tà yẹn ni mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí mo ti wáṣẹ́. Ó ní kí n lọ tún un kọ, ó sì dárúkọ ọ́fíìsì méjì tó ń wá èèyàn. Kó tó oṣù méjì, mo ti wọṣẹ́. Mi ò sọ pé Ọlọ́run ò sí níbẹ̀ o. Bóyá ọkùnrin yẹn gan-an ni ìdáhùn àdúrà mi. Àmọ́ nígbà tí ìdáhùn náà dé, bírò ló mú dání, kò sì pe orúkọ àjẹ́ kankan.

Ọjọ́ tí mo padà dé Ìkìrun, mo kúnlẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Màmá fà mí dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó o ráyè. Epo yẹn ńkọ́, ṣé dírẹ́bà yẹn gbé e fún ẹ?"

Mo ní ó gbé e fún mi.

Ibi tí Bíbélì gbé ogun náà sí

Látìgbà yẹn ni mo ti padà lọ ka àwọn ibi tí a máa ń tọ́ka sí tí a bá ń sọ̀rọ̀ ogun ẹ̀mí. Mo kà wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa ka ìwé òfin: ta ló kọ ọ́, ta ló kọ ọ́ sí, kí ló wà ṣáájú, kí ló tẹ̀ lé e.

Orí kẹfà ìwé Éfésù ni olórí wọn. Ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ níbẹ̀ ni pé àwọn tí à ń bá jìjàkadì kì í ṣe èèyàn. Ibẹ̀ gan-an la máa ń fò. A máa ń sáré kọjá lọ síbi àwọn aláṣẹ òkùnkùn, a ò ní dúró gbọ́ ẹni tó yọ kúrò lórí àkọsílẹ̀ ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó ń kọ lẹ́tà yẹn. Ó ní àwọn tó fẹ̀sùn kàn án, àwọn tó ń ṣọ́ ọ sì wà. Tí ẹnì kan bá lẹ́tọ̀ọ́ sí àdúrà "kú, kú", òun ni. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún òun, ìgboyà láti sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ní kí wọ́n bá òun bèèrè.

Ẹ tún wo ìhámọ́ra tó kà sílẹ̀: òtítọ́, òdodo, ìhìn rere àlàáfíà, ìgbàgbọ́, ìgbàlà, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ìwà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó ń parọ́ lọ́sàn-án, tó wá ń jagun lóru, àmùrè rẹ̀ ti tú kó tó délé ogun.

Ìkejì ni Dáníẹ́lì orí kẹwàá. Ibẹ̀ la ti rí ìdáhùn àdúrà tó pẹ́ lọ́nà. Dáníẹ́lì ṣọ̀fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò jẹ oúnjẹ aládùn, kò jẹ ẹran, kò mu wáìnì. Áńgẹ́lì dé, ó sọ fún un pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé aládé Páṣíà ló dá òun dúró fún ọjọ́ 21, kí Míkáẹ́lì tó wá ràn òun lọ́wọ́. Àìmọye ìwàásù lórí "ẹ̀mí ìdádúró" ni mo ti gbọ́ látinú ìtàn yìí.

Ohun tí mi ò gbọ́ rí nínú ìwàásù wọ̀nyẹn rèé. Nínú gbogbo ọjọ́ 21 yẹn, Dáníẹ́lì ò mọ̀ pé ogun kankan ń lọ. Ìgbà tí áńgẹ́lì dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó ti bá àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ rí tó jẹ́ pé torí ìlara ni wọ́n ṣe jẹ́ kí wọ́n jù ú sí ihò kìnnìún. Ó mọ ohun tí ọ̀tá jẹ́. Síbẹ̀, òye ló ń wá lórí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn áńgẹ́lì ló ń ja ìjà. Ìpín ti Dáníẹ́lì ni pé kó má kúrò lórí eékún. Ṣé ẹ rí i? Ogun ẹ̀mí wà níbẹ̀ lóòótọ́, sùúrù sì ni ohun ìjà tí wọ́n fi lé ọmọ èèyàn lọ́wọ́.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ bíi lọ́yà díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí kò bá tíì gbọ́ nípa ẹjọ́ Dókítà Bentley, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ọdún 1723 ni, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì Cambridge gba oyè lọ́wọ́ Bentley láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Adájọ́ kan nínú ẹjọ́ náà rán wọn létí pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò dá Ádámù lẹ́jọ́ láìkọ́kọ́ pè é kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ọlọ́run tó mọ ohun gbogbo, tó rí èso tí wọ́n já, ṣì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́. Àwọn baba wa ò lọ sí Cambridge, wọ́n ti sọ tiwọn: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 fi í sí abala 36: ẹ gbọ́ tẹnu èèyàn, ẹ sì kà á sí aláìlẹ́bi títí ẹ̀rí á fi dé.

Èmi tí mo ka gbogbo èyí, tí mo ṣèdánwò lórí rẹ̀, tí mo yege, mo dá ìyá tó rán mi nílé ẹ̀kọ́ lẹ́bi lórí ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ọ́n rí. Mi ò pè é. Mi ò bi í ní ìbéèrè kan. Ìdájọ́ náà ti wọlé, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ wà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń ṣí Ẹ́kísódù orí 22 láti fi dá mi lóhùn, níbi tí òfin Mósè ti ní kí wọ́n má dá àjẹ́ sí. Kò burú. Ẹ jẹ́ ká ka òfin náà tán. Diutarónómì orí 19 ní ẹ̀rí ẹnì kan ò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó di ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Ó tún ní kí wọ́n wádìí dáadáa, tí ẹ̀rí bá sì já sí irọ́, ìyà tí ẹlẹ́rìí náà fẹ́ fi jẹ ẹnìkejì rẹ̀ ni kí wọ́n fi jẹ òun. Tí a bá lo ìdajì òfin yẹn nìkan nínú àwọn ilé àdúrà wa, ìran máa dín kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí àdúrà, òfin tiwa náà ní ohun tó sọ. Abala 210 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó ti wà láti ayé òyìnbó, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní gúúsù ilẹ̀ yìí ń lò, ka pípe èèyàn ní àjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló wà fún un. Òfin ò bi yín bóyá ẹ rí ìran tàbí ẹ ò rí i. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu yín ló ń wò.

Àwọn kan á ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Òwe ńlá ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé e wá síwájú adájọ́, ìbéèrè kan ni lọ́yà máa bi í: ta ló tún ké lánàá? Òtútù ń kọ́? Ibà ń kọ́? Ọkọ̀ tí kò rí ọmọ náà gbé lọ sílé ìwòsàn ń kọ́? Lẹ́tà tó ní àṣìṣe mọ́kànlá ń kọ́?

Olórí tó ń fi àdúrà bojú

Tó bá jẹ́ ti ìdílé nìkan ni, ì bá sàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ba nǹkan jẹ́ jù ni ọwọ́ àwọn olórí, mo sì mọ̀ ọ́n torí èmi náà ti ṣe olórí.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, èmi ni olórí ẹ̀ka àdúrà nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni kan. Àwọn tó ń wá sípàdé bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Láti nǹkan bí ọgọ́rin, wọn ò pé ọgbọ̀n mọ́. Mo kéde ààwẹ̀ ọjọ́ méje láti bá ẹ̀mí tó ń tú agbo ká jà. Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́dún yẹn nawọ́ sókè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ìpàdé wa máa ń pẹ́ jù, ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ò sì níná." Mo wò ó, mo ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù ló ń bá a jà. Gbogbo wa dìde, a gbàdúrà lé e lórí. Kò wá mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, olórí tó gba ipò lọ́wọ́ wa fa ìpàdé sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àga ò tó.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ni ìdáhùn àdúrà wa, èmi olórí àdúrà ni mo sì lé ìdáhùn náà jáde. Bí àṣà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: tí gbogbo ìṣòro bá ti di ti ẹ̀mí, ẹni tó bá sọ òótọ́ ló máa di ọ̀tá. Ọmọ ìjọ bèèrè àkọsílẹ̀ owó, wọ́n ní Jésíbẹ́lì ni. Akọrin ní àwọn ò rí owó ọkọ̀ gbà, wọ́n ní ẹ̀mí ìṣọ̀tẹ̀ ni. Àwọn olóṣèlú pàápàá ti kọ́ ọ: ọ̀nà bàjẹ́, iná ò sí, wọ́n ní ká gbàdúrà fún Nàìjíríà. A ó gbà á, àmín. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe ọ̀nà.

Olórí tí mo fẹ́ ká wò ni Nehemáyà. Nígbà tó gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó, ó sunkún, ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà. Láti oṣù tó gbọ́ ìròyìn náà dé oṣù tó rí àyè bá ọba sọ̀rọ̀, ó tó oṣù mẹ́rin. Kò fipá ṣí ilẹ̀kùn. Àmọ́ nígbà tí ọba bi í ní ohun tó fẹ́, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: ó dá àkókò fún ọba, ó bèèrè lẹ́tà fún àwọn gómìnà, ó bèèrè igi fún ẹnubodè. Ẹni tó fi oṣù mẹ́rin gbàdúrà yẹn ti fi oṣù mẹ́rin ṣèṣirò pẹ̀lú.

Nígbà tí àwọn alátakò dìde, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì tún fi ẹ̀ṣọ́ síta tọ̀sán-tòru. Méjèèjì wà pọ̀ nínú ẹsẹ Bíbélì kan náà. Ọjọ́ 52 ni wọ́n fi parí odi náà. Mi ò ní í purọ́ fún yín o, Nehemáyà gba àdúrà tó gbóná sí Sáńbálátì àti Tòbáyà. Ọ̀tá gidi ni wọ́n, wọ́n ń fi ojú ara wọn ṣe é, kì í ṣe ojú ìran ló ti rí wọn. Lẹ́yìn tó ti fi ọ̀rọ̀ wọn lé Ọlọ́run lọ́wọ́, iṣẹ́ ló padà sí. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é pé kó wá ká jọ sọ̀rọ̀, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun.

Ibi méjì ló dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn rẹ̀. Àkọ́kọ́ wà ní orí karùn-ún. Àwọn tálákà pariwo pé àwọn ọlọ́lá ìlú ń gba èlé lórí àwọn, pé àwọn ti fi oko àti ọmọ dúró fún gbèsè. Nehemáyà ò sọ pé ọ̀tá ìta ló ń lo àwọn tó ń ráhùn. Ó bínú sí àwọn ọlọ́lá, ó ní kí wọ́n dá nǹkan onínǹkan padà. Òun fúnra rẹ̀ fi ọdún 12 ṣe gómìnà láìjẹ oúnjẹ tó tọ́ sí gómìnà, torí ẹrù àwọn èèyàn ti wúwo jù. Ìkejì wà ní orí kẹfà. Ṣemáyà sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún un pé wọ́n ń bọ̀ wá pa á lóru, kó sá wọ inú tẹ́ḿpìlì. Nehemáyà rò ó wò, ó rí i pé Ọlọ́run kọ́ ló rán an, owó ni wọ́n fún un kó lè dẹ́rù ba òun. Àsọtẹ́lẹ̀ olówó ti wà látayé Nehemáyà, ẹ̀yin tèmi! Ohun tó fi dá a mọ̀ ni pé ó fẹ́ fi ẹ̀rù lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rere tó ń ṣe.

Sùúrù kì í ṣe ọ̀lẹ

Àwa ọ̀dọ́ ni mò ń bá sọ èyí. A fẹ́ kí gbogbo nǹkan yá bí ìgbà tí èèyàn ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ibi tí a ti ń kánjú yẹn ni ẹni tó ń ta ìran ti ń rí wa mú. Tó bá ní "dúró", a ò ní san nǹkan kan. Tó bá ní "ẹnì kan ló dì ẹ́ mú", a ó béèrè iye owó ìtúsílẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá níbí, tí a bá ti dárúkọ Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá, ogunlọ́gọ̀ tó ya lọ sí Òkè-Ọ̀yẹ̀ ní Iléṣà ní oṣù Keje ọdún 1930 ló máa ń wá sọ́kàn wa. Àmọ́ ọdún 1928 ló gbọ́ ìpè, nígbà tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà. Nǹkan bí ọdún méjì ló wà láàárín ìpè àti ogunlọ́gọ̀ yẹn: ààwẹ̀, àdúrà, ìrìn káàkiri, ìlú ara rẹ̀ tí kò gbà á. Lẹ́yìn Òkè-Ọ̀yẹ̀ pàápàá, ní 1932, ìjọba amúnisìn fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Benin. Ó jáde, ó ń bá iṣẹ́ lọ títí ó fi kú ní 1959. A fẹ́ agbára Òkè-Ọ̀yẹ̀, a ò fẹ́ ọdún méjì tó ṣáájú rẹ̀.

Sùúrù tí mò ń wí kì í ṣe ká ká ọwọ́ lẹ́rán. Ìgbà tí Mósè gbé ọwọ́ sókè lórí òkè, Jóṣúà wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú idà. Nígbà tí ọwọ́ Mósè sì rẹ̀, Árónì àti Húrì ló bá a gbé e ró. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì tún lẹ́tà ìwáṣẹ́ yín kà. Ẹ gbààwẹ̀, kí ẹ sì lọ ṣàyẹ̀wò ara ní ọsibítù. Tí èèyàn bá ṣe yín ní ibi tó ṣeé fẹ̀rí hàn, àgọ́ ọlọ́pàá àti kóòtù wà fún un, bó tilẹ̀ ń falẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé òun rí ìyá kan nínú ìran, ẹ bi ara yín léèrè: ta ni màá di tí mo bá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́? Tó bá jẹ́ ẹni tí kò ní kí ìyá rẹ̀ mọ́ ni, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé.

Ẹ wò ó, tí èṣù bá wà, tó sì ń jà, iṣẹ́ wo ló tún máa wù ú ju pé kí ọmọ kórìíra ẹni tó fi epo rán an nílé ìwé? Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò títí. Ní ọdún méjì yẹn, ogun ẹ̀mí ń lọ lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Màmá Ìkìrun ṣì wà láàyè, Ọlọ́run ṣeun. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ ó ṣì máa ń pè mí ní àárọ̀ Sunday láti gbàdúrà fún mi, ó sì ṣì ń fi epo ránṣẹ́. Mi ò tíì sọ fún un. Ní gbogbo ọdún yìí, bí mo bá ti fẹ́ lanu, ìbéèrè yẹn ló máa ń padà wá: ṣé dírẹ́bà yẹn gbé epo náà fún ẹ? Mo mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ò ní ka ohun tí mo kọ síbí, àmọ́ ẹnì kan nínú ẹbí máa kà á, á sì kà á sí i létí. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ìgboyà tí Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n bá òun bèèrè nínú ẹ̀wọ̀n, òun lèmi náà ń bèèrè lọ́sẹ̀ yìí. Sátidé tó ń bọ̀, mò ń lọ sí Ìkìrun.